Ọ̀dà 2K fún àtúnṣe kékeré lára ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti katakata

OníCorolla040
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Corolla funfun ni, kóòdù àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 040. Òkúta ti ta bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú méje, méjì nínú wọn ti ń dógùn-ún. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ti họ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní ọ̀dà 2K ni kí n fi ṣe é, pé kí n má ra èyí tí wọ́n ń tẹ̀ fín láti inú agolo. Kí ló ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa po 2K díẹ̀ tí kò fi ní ṣòfò? Ṣé mo sì lè fi búrọ́ṣì kùn ún? Kò sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nílẹ̀.

PénítàMúṣin
Ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀dà inú agolo títẹ̀ lásán, tínà inú rẹ̀ (omi tó ń mú kó ṣàn) ló máa ń fẹ́ lọ, tí àwọ̀ á wá kù sílẹ̀. Ọjọ́ tí bẹntiróòlù bá ta sí i, á tún yọ́ padà. Ti 2K, hádínà (èròjà kejì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn) ló ń mú un dì. Òun àti ọ̀dà á so wọnú ara wọn bí ẹyin tí iná ti mú. Ẹyin tó ti jinná kì í padà di omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí bẹntiróòlù ẹnu táǹkì, dísẹ́ẹ̀lì àti ọṣẹ líle kì í fi í rí i mú. Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fojú bu ìwọ̀n rẹ̀.

040 ti Toyota dára fún búrọ́ṣì, torí funfun gidi ni, kò ní èérún dídán nínú. Dúdú 202 náà rí bẹ́ẹ̀, àti funfun NH578 ti Honda. Ẹ sọ fún ẹni tó ń po àwọ̀ pé 2K tó ń dán fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi kílíà (ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀) bò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ sílífà bíi 1F7 ni, ẹ má fi búrọ́ṣì kàn án ju ojú òkúta lọ. Èérún inú rẹ̀ á tò tẹ̀ lé ibi tí búrọ́ṣì gbà, á yọ ilà bí ara abilà. Àwọ̀ lẹ máa fín sí i, ẹ ó wá fi kílíà 2K bò ó.

Ẹni tí kò bá mọ kóòdù tirẹ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kó wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà. Lára Toyota, iwájú C/TR ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dán ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ wò. Ẹ da tínà díẹ̀ sí aṣọ, ẹ fi ra ibi tó fara sin, bí abẹ́ ìdérí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ọkọ̀ yín funfun, nítorí náà aṣọ dúdú lẹ máa lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí ohun tó jáde. Tí àwọ̀ kò bá jáde, 2K tàbí ọ̀dà ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi iná yan ni, kò séwu. Tó bá jáde, wọ́n ti fi ọ̀dà lásán tún un kùn rí. Tí 2K bá gorí ìyẹn tààrà, tínà rẹ̀ á gbé e sókè, gbogbo rẹ̀ á hunjọ. Ẹ máa ní láti há a kúrò títí kan irin, tàbí kí ẹ fi púráímà epọ́sì (ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kùn ṣáájú àwọ̀) dí i lójú, kó sì dì dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Híhá ló fi ọkàn balẹ̀ jù.

KẹmíkàBódìjà
Kí n mú ọ̀rọ̀ pípò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe.

Ohun tí agolo bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. 2:1 (ọ̀dà ìdá 2, hádínà ìdá 1) wà, 4:1 wà, òmíràn sì tún ní ìwọ̀n tínà lẹ́yìn. Hádínà tí ilé iṣẹ́ náà yàn fún ọ̀dà náà ni kí ẹ rà, kì í ṣe hádínà tó bá ti wà lórí àtẹ. Ó tún ku mẹ́ta tí wọ́n máa ń ṣì mú. Hádínà bọ́dì-fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀), èyí tó pupa bí ọṣẹ ìfọyín inú túùbù, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọ̀dà 2K. Hádínà epọ́sì kò bá 2K orí lọ. Hádínà tí àwọn káfíńtà ń lò fún àga àti bẹ́ẹ̀dì á mú un dì lóòótọ́, àmọ́ irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ máa ń pọ́n nínú oòrùn. Ẹ fi í sí funfun, kò ní pẹ́ tí á fi dà bí eyín àgbà.

Fún àtúnṣe kékeré, ẹ lọ ra sìrínjì 10 ml kan àti 5 ml kan ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ọ̀kan fún ọ̀dà, ọ̀kan fún hádínà, ẹ má gbé wọn fún ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wúlò, torí tínà máa ń mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. Tó bá jẹ́ 4:1, ọ̀dà 8 ml, hádínà 2 ml. Tí agolo bá gba tínà ìdá mẹ́wàá, tínà 1 ml nìyẹn. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ife, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà tí kò rí hádínà máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí èéhó rẹ̀ rọlẹ̀.

Ojú òkúta méje kò gba ju 1 ml lọ. Síbẹ̀, ẹ má pò ó kéré sí 5 ml. Tí ọwọ́ bá ṣì pẹ̀lú 0.2 ml lórí hádínà 1 ml, ìdá márùn-ún ti lọ nìyẹn. Lórí hádínà 2 ml, ìdá mẹ́wàá ni.

Ẹni tó ní ìwọ̀n oní-bátìrì, kó ṣọ́ra. 4:1 tí wọ́n kọ, bí ohun náà ṣe pọ̀ nínú ife ni, kì í ṣe bó ṣe wúwo. Ọ̀dà funfun wúwo ju hádínà lọ níye 1 ml kan náà. Ẹni tó bá wọn gíráàmù 4 ọ̀dà sí gíráàmù 1 hádínà ti fi hádínà kún un láìmọ̀.

Ọmọṣẹ́Àgbàdo
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Nígbà òjò ńkọ́? Wọ́n máa ń ní kí á fi hádínà díẹ̀ lé e kó lè tètè gbẹ.

KẹmíkàBódìjà
Rárá, àbúrò. Hádínà tó ṣẹ́kù kò rí ọ̀dà tí yóò so mọ́. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló máa lọ bá, òun àti omi á sì máa tú gáàsì jáde. Ihò wínníwínní tí o máa ń rí lójú iṣẹ́ òjò, bí ojú búrẹ́dì, ibẹ̀ ló ti wá. Ibi tí hádínà bá sì ti pọ̀ jù, ọ̀dà náà á le gbagidi, á máa sán bí ìkòkò nígbà tí irin bá gbọ̀n. Tí ó bá kéré jù, èékánná á máa wọnú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Tó o bá fẹ́ kó yá, ra hádínà tí wọ́n dìídì ṣe kó yá, ìwọ̀n má yí padà.

Tínà ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń bù sínú ike omi tà máa ń ní ọtí líle àti omi nínú. Méjèèjì ló ń jẹ hádínà kí hádínà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀dà. Àwọn ènìyàn á wá máa wí pé ayédèrú ni 2K tí wọ́n rà, tínà ló jẹ́ ẹlẹ́bi. Ra tínà tí wọ́n kọ 2K sí lára. Fi èyí tí wọ́n bù yẹn fọ búrọ́ṣì.

Wẹ́dàSángo
Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ ìdógùn-ún, torí ọ̀dà kankan kò lè ti inú rẹ̀ pa á. Tí ọ̀dà bá ti wú bí eéwo, ìdógùn-ún ti rin abẹ́ rẹ̀ ju ibi tí ojú rí lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣí i títí ẹ ó fi dé ibi tí ọ̀dà kọ̀ láti ṣí. Sánpépà P80 ló kàn (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni sánpépà ṣe ń le tó), títí irin á fi funfun. Ẹ wá fi P180 àti P320 yọ́ etí rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbá a pẹ̀lú ojú dídì. Tí ìka bá ṣì ń kọlu ìgbésẹ̀ láàrin irin àti ọ̀dà àtijọ́, ẹ tún yọ́ ọ. Ibi tí ìka bá ti kọ́ ni ojú máa rí nínú oòrùn.

Tí ihò ìdógùn-ún bá jinlẹ̀ tí dúdú sì kù nísàlẹ̀ rẹ̀, ásíìdì ìdógùn-ún ló máa mú ìyẹn. Àmọ́ ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrangandan. Ásíìdì tó bá ṣẹ́kù kì í jẹ́ kí púráímà epọ́sì dì.

Irin tó ti funfun, ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, pàápàá ní ẹ̀bá ọ̀sà. Ẹ má sì fi àtẹ́lẹwọ́ lásán kàn án mọ́. Òógùn ọwọ́ níyọ̀ nínú. Àmì ìka márààrún máa ń jáde lábẹ́ ọ̀dà.

Púráímà epọ́sì lẹ́ẹ̀mejì, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, P400 pẹ̀lú omi, ẹ nù ún kó gbẹ. Ìgbà yẹn ni àwọ̀ tó kàn.

OníDanfoÒkò
Bẹntiróòlù làwa fi ń nu ara irin kí á tó kùn ún. Ó ń ṣiṣẹ́.

PénítàMúṣin
Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ lójú. Bẹntiróòlù tiwa kì í fẹ́ lọ tán, ó máa ń fi ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ sílẹ̀, karosíìnì sì tún burú jù ú lọ. Ibi tí ọ̀rá wà ni ọ̀dà ti máa ń sá, á ṣe bí ojú ẹja: róbótó, irin láàrin, ọ̀dà yí i ká. Òróró tí wọ́n fi ń mú táyà àti dáṣíbọọ̀dù dán ló tún burú jù níbi èyí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ ná. Ẹ wá fi omi ìyọ̀rá tí wọ́n ń tà fún pénítà nù ún pẹ̀lú aṣọ méjì: ọ̀kan tútù ń yọ ọ́, ọ̀kan gbígbẹ ń tẹ̀ lé e kó tó gbẹ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ọ̀rá ti padà jókòó nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó mọ́: ẹ wọ́n omi mímọ́ sí i. Tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́. Tó bá ká jọ bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ tún un nù.

OníCorolla040
Ẹ ṣeun gan-an. Ojú òkúta wá ńkọ́, ṣé búrọ́ṣì ni?

PénítàMúṣin
Igi ìtayín ni. Ẹ gé sánpépà P400 kékeré, ẹ fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi ìtayín kan, ẹ máa yí i nínú ihò náà títí ìdógùn-ún á fi tán. Ẹ nù ún. Ẹ fi orí igi míì kán púráímà epọ́sì sí i, kó kàn bo irin ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti igi bọ 2K, ẹ fi ẹ̀kán rẹ̀ kan àárín ihò, ẹ má fà á. Fúnra rẹ̀ ni yóò sáré lọ bá etí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20, ẹ tún kán òmíràn. Á tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó ga ju ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ga, torí bó bá ṣe ń dì ló ń rọlẹ̀.

Ilẹ̀kùn ló nílò búrọ́ṣì onírun rírọ̀, tàbí rólà fóòmù kékeré tí tínà kì í jẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi P600 ra ọ̀dà àtijọ́ tó yí i ká títí dídán rẹ̀ á fi kú, nítorí 2K kì í dì mọ́ ojú tó ń dán. Ìgbà mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 15 láàrin wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ gba ojú kan kọjá. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 2, ẹ má padà síbẹ̀ mọ́, àmì búrọ́ṣì kò ní parẹ́. Fún ìdiwọ̀n: 10 ml á bo bí 30 sẹ̀ńtímítà níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tépù tí ẹ fi pààlà, ẹ ṣí i nígbà tí ọ̀dà ìkẹyìn ṣì rọ̀, kí ẹ fà á padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọ̀la, 2K á ti dì mọ́ tépù, á sì ya létí bí irin sárdìnnì. Ẹ̀yin onídanfo tí ẹ ń tún ìlà dúdú ṣe lórí yẹ́lò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù.

OníkatakataÒgbómọ̀ṣọ́
Ti ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Lára katakata, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, búrọ́ṣì kì í ṣe àbùkù. Kí ọ̀dà nípọn ṣe pàtàkì ju kó dán lọ. Etí irin, orí bóòtì àti ojú wẹ́dà ni ọ̀dà máa ń sá kúrò bó bá ń dì, ibẹ̀ sì ni ìdógùn-ún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ṣì kékeré kùn wọ́n lọ́tọ̀ ná, kí ẹ tó kun gbogbo ojú rẹ̀.

Ibi tí òróró háídírọ́líìkì ti ń jò, ẹ dí jíjò rẹ̀ kí ẹ tó gbé sánpépà. Tí ẹ bá fi sánpépà ra orí òróró, ńṣe lẹ ń tẹ òróró wọnú irin.

2K tó wọ́pọ̀ kì í gba ooru tó ju nǹkan bí 120 lọ lórí òdiwọ̀n Celsius. Nítorí náà kò sí àyè rẹ̀ lórí paípù èéfín. Ọ̀dà sílíkóònù tí wọ́n ṣe fún iná ni ìyẹn ń gbà. Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì, ìbòrí táyà, ara jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ni 2K ti ń jẹ oyè.

Ẹ má fi púráímà epọ́sì sílẹ̀ láìbò. Oòrùn máa ń sọ ọ́ di ẹfun. Ẹ fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọwọ́ á funfun. Tó bá pẹ́ ju àkókò tí agolo kọ lọ kí ẹ tó bò ó, ẹ gbọ́dọ̀ tún fi sánpépà ra á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà orí á bó lódindi bí èèpo ẹ̀pà.

KẹmíkàBódìjà
Ọ̀rọ̀ àkókò nìyí. Wákàtí tí agolo kọ pé ọ̀dà pípò lè gbé nínú ife, ìwọ̀n ooru 20 tàbí 23 ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Tiwa máa ń wọ 32. Tí wọ́n bá kọ wákàtí 4, ẹ ka á sí 2, bóyá kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń ki, ẹ má da tínà sí i kó lè ṣàn. Yóò ṣàn, kò ní lẹ̀.

Aago 10 òwúrọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, lábẹ́ ibòòji. Ṣáájú ìgbà yẹn, irin ṣì tutù, ìrì ń bẹ lórí rẹ̀ tí ojú lè má rí. Lẹ́yìn aago 4, ìrì alẹ́ á bá a nígbà tó ṣì rọ̀, ojú rẹ̀ á ṣú bí dígí tí wọ́n mí sí. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n eruku ńkọ́? Ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ilẹ̀ nìkan o.

Hádínà tó ṣẹ́kù, ẹ bù ú sínú ìgò kékeré tó kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè, ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Tó bá ti ń ṣú tàbí tó ń yọ èépá funfun létí ìdérí, ẹ má lò ó. Ẹ má sì fi omi fọ agolo hádínà kí ẹ wá dé e pa: gáàsì á kún inú rẹ̀, ó lè bẹ́.

Nọ́ọ̀sìIléIṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ìsósáyánéètì ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú hádínà. Ó lè fa ikọ́ fée (asthma) fún ẹni tí kò ní in rí. Tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kéré jọjọ lè mú kí èémí há. Òórùn kò lè kìlọ̀ fún yín, torí ó ti pọ̀ ju ohun tí ara gbà kí imú tó gbọ́ ọ. Òórùn tínà lẹ máa ń gbọ́.

Búrọ́ṣì àti igi ìtayín kò léwu tó fífín. Ẹ ṣe é níta tàbí níbi tí atẹ́gùn ti ń gba inú kọjá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà náítírì (nitrile). Ẹni tó bá ń fín in, yálà pẹ̀lú gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà tàbí agolo 2K tó ní bọ́tìnì nídìí, ìbòmú aṣọ àti áńkáṣíìfù kò wúlò rárá. Ìbòmú tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ mímọ́ bọ́ láti ìta ló tọ́. Ẹ má fa afẹ́fẹ́ ọ̀hún láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ oní-bẹntiróòlù o: ó lè fa èéfín ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ mu, èéfín yẹn sì ń pani. Tó bá kan awọ ara, ọṣẹ àti omi ni, kì í ṣe tínà. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń há lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó lọ rí dókítà, kó sì dárúkọ hádínà fún un.

OníCorolla040
Ẹ kú làálàá. Mo ti kùn ún sórí páálí wò, funfun rẹ̀ mọ́ ju ti ọkọ̀ lọ. Ìgbà wo ni mo sì lè fọ ọkọ̀?

PénítàMúṣin
Páálí yẹn dára. Ẹ dá ihò kan sí àárín rẹ̀, ẹ gbé e lé ilẹ̀kùn nínú oòrùn, kí àwọ̀ ọkọ̀ yọ láti inú ihò náà. Kí ẹ tó ṣèdájọ́, ẹ fi kọ́ḿpáǹdì (ìpara tí wọ́n fi ń ra ọ̀dà kó lè dán) ra ọ̀dà àtijọ́ níbẹ̀; ìgbà púpọ̀ ni àwọ̀ wọn á bára mu, eruku àti oòrùn ló ti pa ti àtijọ́. Bí wọ́n bá ṣì yàtọ̀, ẹ gbé páálí náà lọ fún ẹni tó po àwọ̀, kó kán yẹ́lò àti dúdú díẹ̀ sí i.

Fún fífọ̀, ẹ dúró fún ọjọ́ 7. Ìpara wáàsì (wax), ó di oṣù kan. Ṣáájú fífọ̀, ẹ tẹ́ tépù yí ojú òkúta kọ̀ọ̀kan ká, ẹ fi P2000 pẹ̀lú omi ọṣẹ ra orí rẹ̀ lórí ègé rọ́bà kékeré títí á fi bá bọ́nẹ́ẹ̀tì dọ́gba, kọ́ḿpáǹdì á dá dídán rẹ̀ padà. Ẹ tún mú aṣọ dúdú àti tínà ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi ra páálí náà dípò ọkọ̀. Tí funfun bá jáde sí aṣọ náà, kò tíì dì. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí i.